Ṣé àgbo inú ìgò lè gba ìyá mi lọ́wọ́ ìpalára àtọ̀gbẹ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ ni mí ní Kétu, nílẹ̀ Benin. Ìyá mi ti pé ọmọ ọdún 63, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra. Metformin àti glibenclamide ni dókítà kọ fún un. Láti bí oṣù mélòó kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta á bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀, pàápàá lóru. Àbúrò mi ra ìgò àgbo kan wá láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Wọ́n kọ ọ́ ní Faransé sára rẹ̀ pé oje ejìnrìn, ewúro àti moringa ni, pé ó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ìpalára tí àtọ̀gbẹ ń fà, pé ìwádìí yunifásítì sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó tà á ní kí màmá jáwọ́ nínú oògùn òyìnbó. Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òótọ́, ewé wo ló dára jù?

Ìdáhùn: Olùkọ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Èyí tó kánjú ni n ó kọ́kọ́ dáhùn: kí màmá má fi oògùn dókítà sílẹ̀ o. Ẹ gbé ìgò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, ẹ má sì dà á nù, torí ó ní iṣẹ́ tí a ó fi ṣe. Bí ó bá ti ń mu ún pọ̀ mọ́ glibenclamide láti ìjọ́sí, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lónìí, kí ẹ sì bi í bóyá ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, bóyá òógùn tútù máa ń bò ó, bóyá òòyì máa ń kọ́ ọ kí oúnjẹ tó délẹ̀. N ó sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ní ti ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ejìnrìn, ewúro àti moringa wà lára àwọn ewé tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò dáadáa lórí ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ, nílẹ̀ Áfíríkà àti nílẹ̀ Éṣíà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí yẹn, sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fún ní oje ewé yè ju èyí tí wọn kò fún lọ. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ta ni? Níbo ni sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún wà? Báwo ni oje tí wọ́n fún un ṣe pọ̀ tó? Ẹni tó tẹ ìwé ara ìgò yẹn kò dáhùn ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ṣúgà ń ṣe gan-an. Kì í ba gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹ́ bákan náà. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara ló mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn: bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á dín èyí tó ń wọlé kù. Àwọn kan kò lè tì í. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín ẹ̀yìn ẹyinjú, àwọn tó wà níbi tí kíndìnrín ti ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, àti àwọn tó yí iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ká, bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ni yóò ṣe pọ̀ tó nínú tiwọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ ni àtọ̀gbẹ sábà máa ń kọ́kọ́ mú.

Bí ṣúgà bá ti kún inú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, mitokọ́ńdíríà, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń sun oúnjẹ kó lè ní agbára, á máa ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ọ́síjìn tó yẹ kó parí sí omi á sá jáde láàárín ọ̀nà, á di èyí tí wọ́n ń pè ní superoxide. Ọ́síjìn oníjàgídíjàgan ni. Ohunkóhun tó bá kàn ló ń bà jẹ́, ìbáà ṣe ọ̀rá, ìbáà ṣe prótéènì, ìbáà ṣe DNA. Lọ́dún 2001, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Michael Brownlee ṣàlàyé pé ọ́síjìn yìí ló wà nídìí ọ̀nà mẹ́rin tí ṣúgà ń gbà ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Méjì péré ni n ó mú níbẹ̀.

Àkọ́kọ́: ẹ́ńsáìmù kan wà, ìyẹn prótéènì tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, tó ń jẹ́ aldose reductase. Nígbà tí ṣúgà bá pọ̀ jù, òun ló ń sọ àṣẹ́kù di sorbitol, èròjà kan tó jọ ṣúgà. Iṣẹ́ yẹn máa ń ná ohun tí sẹ́ẹ̀lì ìbá fi tún glutathione rẹ̀ ṣe, glutathione sì ni ẹ̀ṣọ́ tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ní lòdì sí ọ́síjìn oníjàgídíjàgan. Èkejì ni pé ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ prótéènì láìjẹ́ pé ẹnì kan rán an, á sì sọ ọ́ di líle. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ara òpó ẹ̀jẹ̀, òpó náà á gan. Bó bá ṣe é sí prótéènì pupa inú ẹ̀jẹ̀, àwa lè wọ̀n ọ́n: òun ni èsì tí làbó ń kọ ní HbA1c, tí àwọn dókítà wa ń pè ní hémoglobine glyquée. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lo bí 120 ọjọ́ láyé, nítorí náà èsì yìí ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta gbààwẹ̀ kó tó lọ síbi ìdánwò kò lè fi tàn án jẹ.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì, ohun tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, nínú pankíríásì lẹ́yìn àpòlúkù, tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tó ń pa iná ọ́síjìn kéré púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ó tètè ń fara gbọgbẹ́. Ó wà lára ìdí tí oògùn tó tó fún aláìsàn lọ́dún kìíní kì í fi í tó mọ́ lọ́dún kẹjọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún màmá pé oògùn òyìnbó ló mú kí àìsàn rẹ̀ le sí i. Bí àìsàn náà ṣe ń rìn ni.

Ní ti ewé, ẹ rántí pé inú oòrùn ló ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́. Òun náà ní láti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọ́síjìn kan náà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ewé fi kún fún àwọn èròjà tí wọ́n ń kọ sára ìgò ní antioxydant, àwọn tó ń pẹ̀tù sí ìjàgídíjàgan. Quercetin àti luteolin wà lára wọn. Bí o bá mú sẹ́ẹ̀lì sínú àwo làbó, tí o da ṣúgà púpọ̀ lé e, tí o wá kán oje ewé sí i, kò yani lẹ́nu pé yóò yè. Ewé tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwo ló ṣòro láti rí.

Inú àwo kò jọ inú ènìyàn. Oje tí wọ́n kán sínú àwo bá sẹ́ẹ̀lì ní ojúkojú. Èyí tí màmá bá mu gba inú àpòlúkù, ìfun àti ẹ̀dọ̀ kọjá, àwọn kòkòrò inú ìfun á tú u palẹ̀, ẹ̀dọ̀ á yí ìyókù padà, ìwọ̀nba kín-ún tó bá sì dé inú ẹ̀jẹ̀ kò sún mọ́ èyí tó wà nínú àwo.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń lọ sọ́dọ̀ eku. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí àwọn tó ń ta ìgò kì í sọ ọ́. Kì í ṣe eku tó ti ń ṣàìsàn láti ọdún mẹ́jọ ni wọ́n sábà máa ń lò. Eku tó le koko ni, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ májèlé kan, alloxan tàbí streptozotocin, májèlé náà á pa sẹ́ẹ̀lì ínsúlínì rẹ̀, ṣúgà rẹ̀ á gòkè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti 1943 ni wọ́n ti mọ alloxan fún iṣẹ́ yìí. Báwo ni alloxan ṣe ń pa sẹ́ẹ̀lì? Ọ́síjìn oníjàgídíjàgan kan náà ló fi ń pa á. Bí onímọ̀ bá wá fún eku ní ewé kó tó gún un ní májèlé, tàbí lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ yè, ohun tí ewé náà ṣe lè má ju pé ó bá májèlé jà. Ìyẹn kò sọ fún wa pé yóò bá àtọ̀gbẹ ìyá olùkọ́ kan ní Kétu jà, nígbà tí kò sẹ́ni tó fún màmá ní alloxan. Bí mo bá ń ka irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wá ni ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún eku ní ewé. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn tí àtọ̀gbẹ ti fìdí múlẹ̀ lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo máa ń kà á tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mo máa ń yára ṣí ojú ìwé.

Ẹ tún jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, olùkọ́ kò ní bínú sí ìṣirò. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ nínú ìwádìí eku ni 400 mílígíráàmù oje gbígbẹ fún kílò kan ara eku. A kì í gbé e lọ fún ènìyàn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ oògùn ń lò ni pé kí a pín in sí bíi mẹ́fà, á kù bíi 65 mílígíráàmù fún kílò kan. Ẹni tó wúwo tó kílò 60 á nílò nǹkan bíi gíráàmù 4 oje gbígbẹ lójoojúmọ́. Bí 100 gíráàmù ewé gbígbẹ bá mú gíráàmù 10 oje wá, gíráàmù 40 ewé gbígbẹ nìyẹn, tó jẹ́ nǹkan bíi 200 gíráàmù ewé tútù, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ wá wo ìgò ọwọ́ yín: ṣé wọ́n kọ iye gíráàmù oje tó wà nínú ṣíbí kan síbẹ̀? Ọtí líle bí ethanol tàbí methanol ni wọ́n sì sábà fi ń fa oje jáde ní yunifásítì, kí wọ́n tó fẹ́ ẹ gbẹ. Èyí tí wọ́n se lómi nínú ìkòkò yàtọ̀ sí i. Orúkọ ewé lè jẹ́ ọ̀kan náà kí ohun tó wà nínú ìgò má jẹ́ ọ̀kan náà.

Ó yẹ kí ẹ tún mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé èrò antioxydant yìí dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Lọ́dún 2000 ni èsì ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ HOPE jáde. Ènìyàn 9,541 ni wọ́n kó jọ, ó lé ní 3,500 nínú wọn tó ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì fún apá kan ní fítámì E lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin ààbọ̀. Fítámì E ni antioxydant tó lókìkí jù nígbà náà. Kò dín àrùn ọkàn kù, kò sì gba kíndìnrín àwọn alátọ̀gbẹ là. Ní ti aldose reductase tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ èròjà ewé ló ń dá a dúró nínú àwo. Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ná owó rẹpẹtẹ láti ṣe oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ọ̀kan tó ń jẹ́ tolrestat ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ débi pé wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 1996, epalrestat sì wà ní Japan, àmọ́ kò tàn kálẹ̀ ayé.

Èyí tó dùn mí jù ni ti bardoxolone. Láti ara oleanolic acid ni wọ́n ti ṣe é, èròjà kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ ewéko, kànáfùrù wà lára wọn. Ó ń jí ẹ̀ṣọ́ ara fúnra rẹ̀ dìde, ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa ṣe ẹ́ńsáìmù tó ń pa iná ọ́síjìn. Lórí ìwé, òun gan-an ni ohun tí ìgò yín ṣèlérí. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ènìyàn 2,185 tí àtọ̀gbẹ ti ba kíndìnrín wọn jẹ́ gidi. Ní 2012, wọ́n ní láti dá ìwádìí náà dúró láìtíì parí, torí pé ọkàn ń daṣẹ́ sílẹ̀ lára àwọn tó ń lo oògùn yìí ju ti àwọn yòókù lọ. Èrò náà dára, ó ń ṣiṣẹ́ nínú eku, síbẹ̀ ó pa ènìyàn lára.

Ẹ ó bi mí pé ewé yín mẹ́ta ńkọ́. Ejìnrìn ni wọ́n ti dán wò jù lára ènìyàn. Àwọn tó kó ìwádìí rẹ̀ jọ fún Cochrane, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀rí ìṣègùn, ní 2012 rí mẹ́rin péré tó yẹ kí a kà sí, kò sí èyí tó ju oṣù mẹ́ta lọ nínú wọn, wọ́n sì sọ pé ẹ̀rí kò tó láti gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi wo àtọ̀gbẹ. Nínú ìwádìí kan láti Thailand tó jáde ní 2011, 2,000 mílígíráàmù ejìnrìn lójúmọ́ dín ṣúgà kù díẹ̀, àmọ́ kò tó èyí tí 1,000 mílígíráàmù metformin ṣe. Èso rẹ̀ ni àwọn ará Éṣíà ń jẹ, òun náà ni wọ́n sábà ń fi ṣe ìwádìí. Ìtàkùn àti ewé ni àwa ń gún, tí a ń fún, tí a ń mu. Ẹ má rò pé ọ̀kan ni méjèèjì. Aboyún kò gbọ̀dọ̀ fi ẹnu kàn án, ẹni tó bá ní àìtó ẹ́ńsáìmù G6PD nínú ẹ̀jẹ̀ náà kò gbọ̀dọ̀ jẹ hóró rẹ̀. Moringa ní ìwádìí kéékèèké lára ènìyàn, pàápàá lórí ṣúgà tó ń gòkè lẹ́yìn oúnjẹ. Ti ewúro, eku ló kún inú rẹ̀. Kì í ṣe pé kíkorò ewúro kò ní ìtumọ̀ o: ní Tanzania, Michael Huffman àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1989 pé ìnàkí tí ara rẹ̀ kò yá máa ń jẹ inú igi ewúro fa omi rẹ̀ mu. Àwa nìkan kọ́ la mọ ewé.

Kí ló wá ń gba sẹ́ẹ̀lì là lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ? Ìdáhùn ti wà láti ọdún pípẹ́, kò kàn dùn láti tà ni. Ní 1993, ìwádìí DCCT ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, lára ènìyàn 1,441 tí ara wọn kò lè ṣe ínsúlínì mọ́, fi hàn pé àwọn tó kó ṣúgà wọn níjàánu dáadáa fi 76 nínú ọgọ́rùn-ún dín ewu ìbàjẹ́ ojú kù, ti iṣan sì fi 60 dín kù. Ní 1998, ìwádìí UKPDS ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lára àwọn tó ní irú àtọ̀gbẹ àgbà tó jọ ti màmá, fi hàn pé kí HbA1c wà ní 7.0 dípò 7.9 fún bí ọdún mẹ́wàá ń dín ìbàjẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ kò ní rí ewé kankan tó ní irú ẹ̀rí báyìí lẹ́yìn rẹ̀. Ṣúgà ló ń dáná. Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀, ọ́síjìn náà á rọlẹ̀ láìsí pé ẹnì kan bù omi sí i.

Ẹni tó bá wá ní oògùn òyìnbó àti ewé jẹ́ ọ̀tá, kò mọ ibi tí metformin ti wá. Ewéko kan tó ń jẹ́ Galega officinalis, tí àwọn ará Yúróòpù ń lò láti ayé ọjọ́un, ló ní èròjà galegine nínú. Galegine ń dín ṣúgà kù, àmọ́ ó ní májèlé. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà tọ ipa rẹ̀, wọ́n ṣe ìbátan rẹ̀ tó rọ̀ jù ú lọ, dókítà Jean Sterne sì kéde metformin fún àtọ̀gbẹ ní Paris ní 1957. Èyí tí màmá ń gbé mì láràárọ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ oògùn tuntun tó ń jẹ́ gliflozin náà, láti ara èèpo igi ápù ni ìrìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: phlorizin, tí wọ́n yọ jáde ní 1835. Ní 2019, ìwádìí CREDENCE lára ènìyàn 4,401 fi hàn pé canagliflozin dín ewu kí kíndìnrín bàjẹ́ kù ní nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ rí i pé ewé lè gba kíndìnrín là, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tí wọ́n wọ̀n ọ́n, tí wọ́n yọ májèlé kúrò, tí wọ́n sì dán an wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìrìn yẹn, ìyẹn kíkọ ewé sílẹ̀, a ti ṣe é nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Édouard Adjanohoun, ọmọ Benin, ló darí àwọn tó yí orílẹ̀-èdè wa ká láti kọ ewé àti ìlò wọn sílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì jáde ní 1989. Èyí tó kù ló gùn.

Mo ṣèlérí láti sọ ìdí tí mo fi ní kí ẹ yẹ ṣúgà màmá wò lónìí. Glibenclamide máa ń fipá mú pankíríásì tú ínsúlínì jáde, bóyá oúnjẹ wà nílẹ̀ tàbí kò sí. Ejìnrìn lè dín ṣúgà kù lórí èyí. Bí méjèèjì bá pàdé, ṣúgà lè já wálẹ̀ kọjá 0.70 gíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, pàápàá lára àgbàlagbà tí kò jẹun alẹ́ dáadáa. Ní òru ló sábà ń ṣẹlẹ̀, àwọn ará ilé á sì rò pé oorun ló wọra. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, tí ó ṣì lè gbé nǹkan mì, ṣúgà pọ̀ mọ́ omi ni kí ẹ fún un lójú ẹsẹ̀; bí kò bá lè gbé e mì, ẹ má da nǹkan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni.

Ewu kejì ni pé ìgò tó ń ṣiṣẹ́ jù ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù. Ní Singapore, láàárín oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún 2008, ènìyàn 150 tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ṣúgà tó ti já wálẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn kú. Oògùn agbára ọkùnrin ni wọ́n rà, wọ́n ní ewé ni àwọn kan nínú rẹ̀. Glibenclamide ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Bí àgbo àtọ̀gbẹ bá mú ṣúgà wálẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì bí idán, ohun tí mo máa kọ́kọ́ rò ni pé ẹnì kan ti lọ oògùn fámasí sínú rẹ̀. Ewé nìkan kì í yára tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá sódàbì, ọtí líle bí ògógóró, ni wọ́n fi rẹ egbò igi inú rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́. Ọtí pẹ̀lú glibenclamide ń já ṣúgà sílẹ̀, ọtí púpọ̀ pẹ̀lú metformin sì lè mú kí ásíìdì kún inú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń pa ènìyàn. Kíndìnrín náà wà ńbẹ̀: nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni kíndìnrín wọn bàjẹ́ torí ewéko Aristolochia tó wọ inú oògùn tí wọ́n ń lò láti fọn. Ewéko ló ba kíndìnrín wọn jẹ́ o, kì í ṣe kẹ́míkà ilé iṣẹ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà oníṣègùn Kétu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ tí kò bá iṣẹ́ yìí mu, pé oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ló kù. Bí ó bá jẹ́, ewé ló ṣe é. Bí kò bá jẹ́, ewé kan ló kù. Ta ni yóò mọ èyí tó kùnà? Àtọ̀gbẹ kì í dúró de ewé tó kù.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ẹsẹ̀ màmá, torí òun ni mo rò pé ó gbé ìbéèrè yín wá. Ẹsẹ̀ tó ń ta bí èèrà lè jẹ́ àtọ̀gbẹ tó ti dé iṣan ìmọ̀lára. Ó tún lè jẹ́ ohun mìíràn tó ní ìtọ́jú tó rọrùn: ẹni tó ti ń lo metformin fún ọdún púpọ̀ lè ṣaláìní fítámì B12 tó, àìtó rẹ̀ sì máa ń ta ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò sí ìgò àgbo kankan tó máa sọ èyí tí í ṣe fún yín. Ẹ bi dókítà bóyá ó lè yẹ B12 wò. Ẹ ní kó fi okùn náílọ́ọ̀nù tín-ín-rín kan ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ń mọ̀ ọ́n. Títí dìgbà náà, kí màmá má fi ẹsẹ̀ lásán rìn, kó má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, kó má yá iná, torí ẹsẹ̀ tó ń kú lọ kì í mọ̀ pé òun ń jóná. Kí ọmọ kan nínú ilé máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ìka rẹ̀ lálaalẹ́.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe ní Pobè tàbí ní Àjàṣẹ́, ẹ béèrè HbA1c, ẹ béèrè creatinine, èyí tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, ẹ sì béèrè àyẹ̀wò albumin, prótéènì kan, inú ìtọ̀, èyí tó máa ń kọ́kọ́ fi hàn pé kíndìnrín ń jò. Ẹ béèrè pé kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ màmá bá jẹ́ SS tàbí SC, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ẹ sọ fún làbó, torí HbA1c lè ṣìnà lára irú wọn. Ìgò tí mo ní kí ẹ má dà nù, ẹ gbé e dání lọ. Dókítà tó bá mọ̀ pé màmá ti ń mu ejìnrìn á mọ bí yóò ṣe ka èsì yẹn.

Ewé wo ló dára jù, ẹ bi mí. Ẹ̀fọ́ ewúro tí ẹ fi ṣe ọbẹ̀, tí ọkà tàbí iyán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, ni mo lè fọwọ́ sí láìbẹ̀rù. Ẹ má fọ ìkorò rẹ̀ tán, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èròjà rẹ̀ ń bá omi lọ. Moringa inú ọbẹ̀ náà kò burú. Ṣùgbọ́n bí creatinine bá ti ga, kí ó má mu ife ńlá oje ewé tútù kankan, torí potassium inú rẹ̀ lè da ọkàn rú. Bí màmá bá sì takú pé àgbo lòun fẹ́, kó kọ́kọ́ gba HbA1c báyìí, kí dókítà mọ̀ sí i, kó má yí oògùn kankan padà, kí àgbo jẹ́ ewé kan ṣoṣo tí ẹ fúnra yín já tí ẹ sì mọ̀, kí ó sì tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ká ní HbA1c rẹ̀ jẹ́ 8.5 tẹ́lẹ̀, tó sì ṣì jẹ́ 8.5, ẹ ti rí ìdáhùn, owó àgbo náà á sì wúlò fún ìwé pẹlẹbẹ tí a fi ń yẹ ṣúgà wò.